Wáyà USB wà nínú ihò rẹ̀, àmọ́ kernel ní òun kò rí i: ẹ jẹ́ ká jọ wá ìdí rẹ̀

Ará Ìjàpọ̀ (Àkúrẹ́), Ọjọ́ Ajé

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Àpótí kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí a ṣe fún àwọn tó ń kó kòkó pamọ́ ní ọ̀nà Ìdànrè. Bọ́ọ̀dù tó ń lo Linux ló wà nínú rẹ̀. Tọ̀sán-tòru ló ń wọn ooru àti ọ̀rinrin inú sítọ́ọ̀, tó sì ń kọ ohun tó bá wọ̀n sórí mẹ́mórì káàdì, nítorí pé kòkó tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ bá ti ju 8% lọ kì í pẹ́ bu, ẹni tó ni ín sì gbọ́dọ̀ mọ̀ kí òórùn rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Bí akọ̀wé sítọ́ọ̀ bá fẹ́ gba àkọsílẹ̀ náà, yóò ki wáyà USB bọ àpótí, yóò ki orí kejì bọ láptọ́ọ̀pù rẹ̀, àpótí yóò sì hàn níbẹ̀ bíi fíláàṣì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: driver, ìyẹn kóòdù inú kernel (ọkàn Linux) tó ń ṣọ́ wáyà náà, gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wáyà ti wọlé, kó lè sọ fún ètò tó ń kọ àkọsílẹ̀ pé kó pa fáìlì rẹ̀ dé kí láptọ́ọ̀pù tó gba káàdì. Bí bọ́ọ̀dù àti láptọ́ọ̀pù bá jọ ń kọ nǹkan sórí káàdì kan náà pọ̀, káàdì yóò bàjẹ́, àkọsílẹ̀ gbogbo ìgbà tí kòkó fi wà nínú sítọ́ọ̀ sì lè bá a lọ.

Àìsàn mẹ́ta ni mo rí. Bí a bá tan àpótí nígbà tí wáyà ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, driver á ní kò sí wáyà. Bí a bá wá yọ ọ́, á ní ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Èkejì, bí a bá lo àwọn wáyà gígùn tí wọ́n ń tà ní Ọjà Ọba, log (àkọsílẹ̀ ohun tí driver ń rí) á kún fún "ó wọlé, ó jáde, ó wọlé, ó jáde" láìdáwọ́ dúró. Ẹ̀kẹta, bí a bá yọ wáyà tí a sì yára kì í padà, driver kì í mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ihò micro-USB ló wà lára bọ́ọ̀dù, kernel rẹ̀ sì jẹ́ 4.19. VBUS, ìyẹn 5V tí wáyà ń gbé wá, gba inú resistor (ohun tó ń dín iná kù) méjì kọjá, 100 kΩ lókè, 100 kΩ nísàlẹ̀, àárín wọn ló sì so mọ́ ẹsẹ̀ GPIO kan (ẹsẹ̀ tí chip fi ń mọ̀ bóyá iná wà tàbí kò sí) lára chip tó ń lo 3.3V. Driver yìí kan náà ló ń sọ fún chip tó ń ṣáàjì bátìrì ìgbà tí yóò bẹ̀rẹ̀. Ó bá iṣẹ́ náà wá láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é ṣáájú, ibi tó sì ṣe kókó nínú rẹ̀ rèé:

```
static irqreturn_t vbus_irq(int irq, void *d)
{
	struct cable *c = d;

	c->attached = !c->attached;
	queue_delayed_work(system_wq, &c->work, msecs_to_jiffies(20));
	return IRQ_HANDLED;
}
```

Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n sọ 20 yẹn (iye ms, ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, tí driver fi ń dúró) di 500, pé ariwo inú wáyà ló ń da driver láàmú. Kí ni ẹ rí sí i?

Ọmọ Òkè-Àrò, Ọjọ́ Ajé

Àbúrò mi, má tíì fọwọ́ kan 20 yẹn. Mo ti rí ohun kan nínú ìlà mélòó kan tí o fi hàn wá, màá sì padà wá sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ẹsẹ̀ GPIO yẹn kí ẹnikẹ́ni tó yí kóòdù padà. Ọ̀pọ̀ nínú wa a máa ń jókòó ti driver fún ọjọ́ púpọ̀ nígbà tó jẹ́ pé iná tó ń wọ ibẹ̀ gan-an ni kò pé.

Ka `/proc/interrupts`, ibi tí kernel ti ń ka iye interrupt (ìtanilólobó pé ẹsẹ̀ kan yí padà), kí o tó ki wáyà, kí o tún kà á lẹ́yìn rẹ̀, kí o wo iye tí nọ́ńbà GPIO náà fi lé sí i. Lẹ́yìn náà ka `/sys/kernel/debug/gpio`: yóò sọ fún ọ bóyá ẹsẹ̀ náà wà ní `hi` tàbí `lo` ní ìṣẹ́jú tí o ń wò ó gan-an, láìka ohun tí driver gbà gbọ́ sí. Tí ohun tí o kà níbẹ̀ bá ta ko ohun tí driver ń sọ, a ti mọ ibi tí a ó wá dé. Lákòótán, fi mítà wọn VBUS ní ihò USB, kí o sì wọn àárín resistor méjèèjì, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú wáyà kúkúrú tó dára, lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú wáyà gígùn tó ń ṣe wàhálà. Rí i dájú pé bátìrì ń gba ṣáàjì lọ́wọ́ nígbà tí o bá ń wọ̀n ọ́n.

Ará Ìjàpọ̀, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Wáyà kúkúrú: VBUS jẹ́ 5.02V, àárín resistor jẹ́ 2.51V, interrupt kò sì ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nígbà tí mo kì í. Wáyà gígùn: bí bátìrì kò bá gba ṣáàjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti kúkúrú dọ́gba, ṣùgbọ́n ní kété tí ṣáàjì bá bẹ̀rẹ̀, VBUS á já wálẹ̀ sí 4.42V, àárín resistor á di 2.21V, nọ́ńbà interrupt á sì máa gun òkè níṣojú mi.

Ní ti títan àpótí pẹ̀lú wáyà nínú rẹ̀, `/sys/kernel/debug/gpio` ní `hi`, driver ní kò sí wáyà. Wọ́n ta ko ara wọn bí ẹ ṣe wí.

Àǹtí Oníná (Alágbàká), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹ jẹ́ kí n gba apá ti iná, nítorí pé àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ yìí ti sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Lórí ọ̀pọ̀ chip tó ń lo 3.3V, ohun tí ìwé chip ṣèlérí ni pé ohunkóhun tó bá ju ìdá 0.7 iná rẹ̀ lọ ni yóò kà sí 1, èyí sì jẹ́ 2.31V, ohunkóhun tí kò bá tó ìdá 0.3, ìyẹn 0.99V, ni yóò kà sí 0. Àárín méjèèjì kò ní ìlérí kankan: chip lè pè é ní 1 ní báyìí kó sì pè é ní 0 láìpẹ́. Ẹ yẹ ìwé chip tiyín wò, ṣùgbọ́n bó bá rí bẹ́ẹ̀, 2.51V tí wáyà kúkúrú fún yín fi díẹ̀ ju ààlà lọ, 2.21V ti wáyà gígùn sì ti bọ́ sí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ni.

Ẹ wá wo bí ó ṣe ń yí po. Wáyà wọlé, driver ní kí ṣáàjì bẹ̀rẹ̀. Bátìrì ń fa bí 500 mA, wáyà tín-ín-rín náà sì ní bíi 1.2 Ω lápapọ̀, àlọ àti àbọ̀, nítorí náà 0.6V sọnù sínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ GPIO já sí abẹ́ ààlà, driver ní wáyà ti jáde, ó dá ṣáàjì dúró. Bí ṣáàjì ṣe dúró ni iná padà gòkè, driver tún ní wáyà ti wọlé. Ìdí rèé tí ẹ fi ń rí "ó wọlé, ó jáde" títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí ẹ bá sọ 20 di 500, ohun tí ẹ ó rí ni pé yóò máa yí díẹ̀díẹ̀ dípò kíákíá. Kò ní dáwọ́ dúró. Ó tún burú sí i, nítorí pé fáìlì yín á wà ní ṣíṣí fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí i lẹ́yìn tí láptọ́ọ̀pù ti dé.

Ohun tí màá ṣe ni pé màá yọ resistor 100 kΩ tó wà lókè, màá sì fi 68 kΩ rọ́pò rẹ̀, kí 100 kΩ ti ìsàlẹ̀ wà níbẹ̀. Iná tó bá wọlé yóò di ìdá 0.595. Nígbà náà 4.42V yóò fún GPIO ní 2.63V, kódà bí VBUS bá já sí 4.0V, 2.38V ni yóò dé ibẹ̀, ó sì tún wà lókè ààlà. Ní òdìkejì, bí VBUS bá gòkè dé 5.5V, 3.27V ló máa jẹ́, kò ní ju ohun tí ẹsẹ̀ 3.3V lè gbà.

Mo tún fẹ́ mọ ohun kan. Capacitor (ohun tó ń tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́) mélòó ló wà lórí VBUS yín, níwájú chip tó ń ṣáàjì?

Ará Ìjàpọ̀, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àǹtí, ẹ ṣeun gidigidi. 4.7 µF ẹyọ kan ni. Ìwé chip náà sì sọ 0.7 àti 0.3 bí ẹ ṣe kọ ọ́.

Àǹtí Oníná (Alágbàká), Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Àìsàn kẹta yín nìyẹn. Bí ẹ bá yọ wáyà, iná tó wà nínú capacitor yẹn kò ní ibi tó lè sá gbà ju inú àwọn resistor yín lọ, 200 kΩ lápapọ̀. 4.7 µF pẹ̀lú 200 kΩ gbà tó 0.9 ìṣẹ́jú àáyá kí VBUS tó wálẹ̀ dé ibi tí GPIO yóò ti kà á sí 0 láìsí iyèméjì. Ẹni tó bá yọ wáyà tó sì kì í padà kí àkókò yẹn tó pé, ẹsẹ̀ GPIO kò rí ohunkóhun, kò sì sí kóòdù tó lè mọ ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ so resistor 10 kΩ láti VBUS sí ilẹ̀ (GND). Àkókò náà yóò dín kù sí nǹkan bíi 50 ms. 0.5 mA ni yóò máa jẹ, ó sì kéré sí 2.5 mA tí òfin USB gbà kí ohun èlò fà nígbà tí kọ̀ǹpútà bá fi í sùn.

Ọmọ Òkè-Àrò, Ọjọ́rú

Àǹtí ti tán iṣẹ́ níbi iná, ẹ jẹ́ ká wá sórí kóòdù. Ìlà tí mo ní màá padà sí ni èyí: `c->attached = !c->attached;`. Driver yìí kò bi ẹsẹ̀ GPIO léèrè rárá pé báwo ló ṣe wà. Ó kàn ń ka iye ìgbà tí nǹkan yí padà, ó sì ń yí èrò ara rẹ̀ padà tẹ̀lé e. Bí àpótí bá tan pẹ̀lú wáyà nínú, kò sí ìyípadà kankan, ó gbà pé kò sí wáyà. Bí a bá yọ wáyà, ìyípadà kan dé, ó ní "ó ti wọlé". Bí ìyípadà kan péré bá sọnù nígbàkigbà, òdìkejì òtítọ́ ni yóò máa sọ láti ìgbà náà lọ títí a ó fi pa àpótí.

Ìkànlẹ̀kùn ni interrupt. Ẹni tó kanlẹ̀kùn lè ti lọ, ẹlòmíràn sì lè ti dé, kí o tó ṣí i. Ìwọ ṣí ilẹ̀kùn kí o fi ojú ara rẹ wo ẹni tó wà níbẹ̀. Ní ti driver, èyí túmọ̀ sí pé inú iṣẹ́ tó ń tẹ̀lé interrupt ni kí o ti ka ẹsẹ̀ náà:

```
static void cable_work(struct work_struct *w)
{
	struct cable *c = container_of(to_delayed_work(w),
				       struct cable, work);
	int now = gpiod_get_value_cansleep(c->vbus);

	if (now < 0 || now == c->attached)
		return;
	c->attached = now;
	cable_notify(c);
}
```

Kí ohun tó kù nínú `vbus_irq` jẹ́ `mod_delayed_work` nìkan. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí `queue_delayed_work` ṣe pàtàkì níbí: bí iṣẹ́ bá ti wà lórí ìlà tẹ́lẹ̀, `queue_delayed_work` kì í ṣe nǹkan kan, nítorí náà 20 ms lẹ́yìn ìyípadà àkọ́kọ́ lo máa ka ẹsẹ̀ náà, yálà wáyà ti fara balẹ̀ tàbí kò tíì fara balẹ̀. `mod_delayed_work` máa ń tún aago náà bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìyípadà bá dé, kíkà yóò sì wáyé nígbà tí ara wáyà bá ti rọlẹ̀ fún 20 ms. Ṣùgbọ́n bí ariwo kò bá dáwọ́ dúró, iṣẹ́ náà kò ní ṣe láéláé. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ Àǹtí pé resistor ni kí a kọ́kọ́ tún ṣe.

Lẹ́yìn tí o bá ti gba interrupt tán nínú `probe` (ibi tí driver ti ń bẹ̀rẹ̀), pe `cable_work` náà lẹ́ẹ̀kan láìdúró de ẹnikẹ́ni. Má ṣe kà á kí o tó gba interrupt, nítorí pé wáyà lè wọlé ní àárín méjèèjì kó sì sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà nígbà tí bọ́ọ̀dù bá jí láti ojú oorun.

Ọmọ Oǹdó, Ọjọ́rú

Mo ń ka ìjíròrò yìí tìfẹ́tìfẹ́, mo sì gba gbogbo ohun tí ẹ̀gbọ́n Òkè-Àrò kọ, àmọ́ mo fẹ́ béèrè pé kí ló dé tí a fi ń tún driver yìí ṣe rárá. Ohun tí ẹ kọ yẹn ti wà nínú kernel. Kernel 4.19 ní `extcon-usb-gpio`, láti 5.4 sì ni `usb-conn-gpio` ti wà fún àwọn tó ń lo kernel tuntun. Inú iṣẹ́ tó ń tẹ̀lé interrupt ni àwọn méjèèjì ti ń ka ẹsẹ̀ GPIO, wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan nígbà tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì gbàgbé ọ̀rọ̀ oorun àti jíjí. Ìlà díẹ̀ nínú device tree (fáìlì tó ń sọ ohun tó wà lára bọ́ọ̀dù fún kernel) ló máa gba ipò fáìlì odindi kan tí ìwọ nìkan yóò máa tọ́jú:

```
extcon_usb: extcon-usb {
	compatible = "linux,extcon-usb-gpio";
	vbus-gpio = <&gpio1 7 GPIO_ACTIVE_HIGH>;
};
```

Fi nọ́ńbà GPIO tìrẹ sí ibi 1 àti 7. Nígbàkigbà tí ipò wáyà bá yí padà, kernel yóò rán uevent jáde, èyí tí ètò tó ń kọ àkọsílẹ̀ lè gbọ́, ìwọ náà sì lè ka ipò náà nínú `/sys/class/extcon/extcon0/state`. Kóòdù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lò lórí bọ́ọ̀dù oríṣiríṣi ti rí àìsàn tí ìwọ kò tíì rí.

Ọmọ Òkè-Àrò, Ọjọ́rú

Òótọ́ lo sọ. Bí iṣẹ́ driver tirẹ̀ kò bá ju ti wáyà àti ṣáàjì lọ, kí ó lo ti kernel. Kí ó sáà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀.

Ará Òkè-Ìjẹ̀bú, Ọjọ́bọ̀

Ẹ dákun, ìbéèrè kan wà tí n kò rí kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn. Ṣọ́ọ̀bù títún fóònù ṣe ni mo ní, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí wáyà tó jẹ́ ti ṣájà nìkan: wáyà méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ti iná àti ti ilẹ̀, D+ àti D- tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá kò sí níbẹ̀. Bí akọ̀wé sítọ́ọ̀ bá fi irú wáyà bẹ́ẹ̀ so àpótí mọ́ power bank lálẹ́, ṣé VBUS kò ní wà níbẹ̀? Ṣé àpótí kò ní pa fáìlì rẹ̀ dé, kó sì jókòó láìkọ nǹkan kan títí ilẹ̀ yóò fi mọ́?

Ọmọ Oǹdó, Ọjọ́bọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bi ohun tó yẹ ká bi ara wa láti ọjọ́ Ajé. VBUS kò sọ ju pé iná wà lórí wáyà. Kò sọ pé kọ̀ǹpútà wà ní ìdí kejì.

Ohun tó ń fi kọ̀ǹpútà hàn ni pé ó bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀dù á fi resistor 1.5 kΩ fa D+ sókè, kọ̀ǹpútà á rí i, á fún un ní àdírẹ́sì, á sì yan configuration fún un. Ìgbà yẹn ni `state` tó wà nínú fódà UDC (apá tó ń ṣe iṣẹ́ USB lára bọ́ọ̀dù) lábẹ́ `/sys/class/udc` yóò di `configured`. Power bank kò lè mú un débẹ̀ láéláé. Nítorí náà, máṣe jẹ́ kí VBUS nìkan pa fáìlì dé. Jẹ́ kí mass storage (ètò tó ń mú kí àpótí hàn bíi fíláàṣì) bẹ̀rẹ̀ láìní káàdì nínú: fi 1 sínú `lun.0/removable` ní configfs (fódà tí a ti ń ṣètò rẹ̀), kí o sì fi `lun.0/file` sílẹ̀ lófìfo. Láptọ́ọ̀pù á rí i bí ẹ̀rọ ìkà-káàdì tí kò sí káàdì nínú rẹ̀. Kí ètò rẹ máa fi `poll` ṣọ́ `state`. Bó bá ti di `configured`, kó pa fáìlì dé, kó yọ káàdì kúrò lábẹ́ bọ́ọ̀dù (umount), ìgbà yẹn ni kó tó kọ orúkọ pátíṣọ̀n náà sínú `lun.0/file`. Káàdì á wá hàn lórí láptọ́ọ̀pù, kò sì sí ìṣẹ́jú kan tí àwọn méjèèjì jọ mú un dání.

Ọ̀rọ̀ ṣáàjì náà tẹ̀lé e. USB 2.0 gba ohun èlò láyè 100 mA kí ó tó di `configured`, ó sì lè tó 500 mA lẹ́yìn náà bí kọ̀ǹpútà bá gbà á. Má ṣe jẹ́ kí chip yẹn fa 500 ní kété tí VBUS bá dé.

Ará Ìjàpọ̀, Ọjọ́ Ẹtì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín tọkàntọkàn. 68 kΩ àti 10 kΩ ti wọlé, driver àtijọ́ ti jáde, `extcon-usb-gpio` ló wà níbẹ̀ báyìí. Wáyà gígùn kò ṣe ségesège mọ́. VBUS ṣì ń já sí 4.4V, àmọ́ GPIO dúró ní `hi` gbọningbọnin. Wáyà tó wà nínú rẹ̀ kí àpótí tó tan, ó rí i. Mo yọ wáyà mo sì yára kì í padà, ó ka méjèèjì. Mo fi wáyà ṣájà so ó mọ́ power bank: àkọsílẹ̀ ń lọ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Àpótí kan ṣoṣo ló kù tó ń dààmú mi. Sólà ló ń gbé e. Bí oòrùn bá mú, extcon á ní wáyà wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ihò USB ṣófo. Mítà ní 4.3V wà lórí VBUS.

Àǹtí Oníná (Alágbàká), Ọjọ́ Ẹtì

Òótọ́ ni extcon ń sọ. Iná wà níbẹ̀ lóòótọ́. Iná sólà ló ń gba ìdí chip tó ń ṣáàjì padà sórí VBUS. Ẹ já wáyà sólà kúrò kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí VBUS bá lọ sí òdo, ó dájú nìyẹn. Kò tiẹ̀ yẹ kí iná yẹn máa jáde ní ihò USB rárá, nítorí pé inú láptọ́ọ̀pù akọ̀wé ni yóò wọ̀ lọ́jọ́ tó bá ki wáyà bọ̀ ọ́. Ẹ fi Schottky diode kan (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) sí àárín ihò USB àti chip ṣáàjì, kí ó kọjú sí chip náà. Nǹkan bíi 0.3V ni yóò jẹ, bátìrì kò sì ní mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé 68 kΩ àti 10 kΩ wà níwájú diode, ní ẹ̀gbẹ́ ihò USB, nítorí bí ẹ bá fi wọ́n sẹ́yìn rẹ̀, iná sólà ni wọn yóò tún máa kà.

Ará Ìjàpọ̀, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo já wáyà sólà, VBUS lọ sí òdo. Mo ti fi diode náà sí i bí Àǹtí ṣe ṣàlàyé, àwọn resistor sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ihò USB. Oòrùn mú dáadáa lọ́sàn-án yìí, extcon kò sọ pé wáyà wà títí mo fi ki wáyà bọ̀ ọ́. Màá wọn VBUS àwọn àpótí sólà yòókù pẹ̀lú ihò wọn lófìfo kí wọ́n tó padà sí ọ̀nà Ìdànrè.